Wọ́n Ní Kẹ́tù Mi Ló Rin Ògiri

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ òwú sínú ògiri wa ti kọ̀wé sí mi pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ilé mi jẹ́. Wọ́n ní mò ń fi kẹ́tù se omi tíì jù, mo sì ń sá aṣọ sínú ilé, pé oru wọn ló ń rin ògiri. Ẹ gbà mí o! Ní Tywyn níbí, létí òkun ilẹ̀ òyìnbó, tí òjò ń ti orí òkun bọ̀ wá na ilé wa, ìta wo ni wọ́n ní kí n sá aṣọ sí?

Ogójì ọdún la ti ń gbé ilé yìí, ògiri ò rin rí. Àfìgbà tí wọ́n dá ihò sára bíríkì, tí wọ́n fẹ́ òwú kún àlàfo àárín ògiri méjèèjì, pé òtútù ò ní wọlé mọ́. Kò pẹ́ ni nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì wa. Ikọ́ gbé Idwal ọkọ mi dé ọsíbítù. Ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọ́dọ̀ padà sínú yàrá tó rin gbingbin. Kí wọ́n wá kó òwú wọn, kí ọkọ mi lè wálé, kò sí ohun mìíràn tí mò ń wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé-iṣẹ́ náà rán òṣìṣẹ́ wọn kan, Prosser, wá yẹ ògiri wò. Ó wo yàrá, ó mi orí.

"Ìyá, aṣọ tí ẹ̀ ń sá sílé yìí mà ni."

"Ìyá tìẹ kì í fọṣọ nígbà òjò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èémí ẹ̀yin méjèèjì nínú yàrá gan-an, omi ni."

"Idwal ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọsíbítù! Ta ló wá ń mí níbẹ̀, ìwọ?"

Inú bí mi. Mo gbé òòlù àti irin ọkọ mi, mo jáde sídìí ògiri.

"Ìyá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ bá yọ bíríkì kan péré, gárántì ti bàjẹ́ nìyẹn!"

"Gárántì tí ò jẹ́ kí ọkọ mi sùn sílé? Kó bàjẹ́!"

Mo lù ú títí bíríkì fi jáde. Mo fa òwú yọ, mo fún un bí aṣọ níṣojú Prosser, omi òjò ṣàn sí bàtà rẹ̀. Prosser gbọn omi kúrò lára bàtà. Ó fa ìwé kan yọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á wá kó òwú náà. Ẹ sáà buwọ́ lù ú pé aṣọ yín ló fà á, kí ẹ má sì sọ fún ará àdúgbò."

Kí n má purọ́, mo gba bírò. Bí mo bá buwọ́ lù ú, Idwal á sùn sílé lọ́jọ́ Àìkú. Àmọ́ irú òwú yìí náà ló wà nílé Ffion, aládùúgbò mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo dá bírò padà fún un.

"Máa lọ. Ffion! Wá wo nǹkan tó wà nínú ògiri wa o!"

Ffion sáré jáde. Kí Prosser tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, àwa méjèèjì ti ń yọ bíríkì kejì.

Nírọ̀lẹ́, mo pe Idwal. Mo sọ fún un pé mo ti ń fi òòlù yọ bíríkì ògiri wa, pé kò ní lè wálé lọ́jọ́ Àìkú, pé èmi ni mo kọ̀. Ó wúkọ́.

"Òòlù wo lo lò?"

"Èyí tó wà ní kíṣìnì."

"Ìyẹn kéré, Nesta. Èyí tó tóbi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn."