Aláìyẹsẹ̀ Kò Sá

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lórí àga, kí oúnjẹ tó dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó máa kí mi pẹ̀lẹ́.

Fóònù Àkàngbé, ọmọ mi tó kú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ló jí mi nínú àlá náà. Fóònù náà ti àwo ẹ̀wà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Aláìyẹsẹ̀ sá lójú ìjà."

Aláìyẹsẹ̀ ni jagunjagun tí ọmọ mi fi ń jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọ́n fi ń ja ìjà náà. Ìwọ á kọ bí o ṣe ju idà, ẹnìkejì á kọ bí òun ṣe yẹ̀ ẹ́, rẹfirí á sọ èyí tó wọlé. Ẹni tí kò bá dáhùn fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ní ó ti sá.

Mo wọ bàtà. Ọ́fíìsì rẹfirí léfòó lókè pápá iléèwé. Àgbàrá òjò ló gbé mi débẹ̀. Òkè ló ń ṣàn lọ, n kò sì bi í léèrè. Aláìyẹsẹ̀ dúró nínú ibẹ̀, ó na idà sókè. Láti oṣù mẹ́ta ló ti ń retí ẹni tí yóò kọ ohun tó kàn fún un.

Rẹfirí ń fi fèrè rẹ̀ po tíì.

"Òfin ò mọ ẹbí, Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta pé, kò dáhùn."

"Ẹkùn-Irin tó ń bá a jà dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. O dúró dè é."

"Ẹkùn-Irin gba àyè."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ mi."

"Kí ló jẹ́ sí ọ?"

Ó wo àjà. "Àbúrò ìyàwó mi ni."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n òbúkọ yọ lágbọ̀n rẹ̀. Mo ń bá ẹjọ́ mi lọ. Mo ní ikú kò fún ọmọ mi láyè tí yóò fi gba àyè. Ìwo yọ. Mo ní òun ló ń borí nígbà tó lọ. Pátákò yọ.

Òbúkọ náà ní, "Ẹ lọ sinmi, Bàbá. Eré ọmọdé ni. Kí lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Mo ní, "Baba kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, inú yàrá ni mo wà. Ibí nìkan ni mo lè bá a dé. N kò ní kúrò."

Ó ki ìwé ìdájọ́ bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́. Aláìyẹsẹ̀ bá na idà rẹ̀ sí mi.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin ló kàn."

Mo gba idà náà, mo sì jí.

Òbúkọ ará ilé kejì ti wọlé, ó ń jẹ kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Fóònù Àkàngbé wà lórí itan mi, gbólóhùn náà ṣì wà lójú rẹ̀ bí mo ti fi í sílẹ̀: Aláìyẹsẹ̀ sá lójú ìjà. N kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí. Mo wọ awò ojú mi, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́:

"Èmi ni bàbá Aláìyẹsẹ̀. Kò sá. Ó kú ni. Idà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹkùn-Irin, ìwọ ló kàn."

Ìgbà tí mo fi ránṣẹ́ tán ni mo tó dìde lé òbúkọ náà jáde.