Òkúta Tìróò

"Gbé e wò, kó o mọ bó ṣe wúwo tó," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínlọ́lá wí, ó sì gbé òkúta kan lé Safinat lọ́wọ́. "Àmọ́ má fi ọwọ́ yẹn kan ẹnu o. Òjé ni, fàdákà díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Fàdákà yẹn làwọn òyìnbó torí ẹ̀ gbẹ́ ihò yìí láyé àtijọ́."

Ẹnu ihò ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn òkè Ọ̀kà ni wọ́n dúró sí, olùkọ́ náà àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kó wá láti Àkùngbá. Safinat ló dàgbà jù nínú wọn. Ilé ọkọ ló ti ń lọ sílé ìwé. Òkúta ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ó dá a lójú pé òun ti rí irú ẹ̀ rí.

"Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n dáadáa," ni olùkọ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òun ni wọ́n ń lọ̀ ní tìróò."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Safinat nawọ́ sókè.

"Sà, gbogbo tìróò ni?"

"Rárá. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá fi irú òkúta yìí ṣe, májèlé ni fọ́mọdé. Inú á máa lọ́ wọn, wọn ò ní tètè rìn. Tó bá pọ̀ lára, a máa fa gìrì."

Aisha ọmọ Safinat ti lé lọ́dún kan ààbọ̀, kò tíì lè dá dúró. Àràárọ̀ ni Màmá Ràfíátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ń lé tìróò tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ fún un. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á tún ki ọwọ́ náà bọ ẹnu. Safinat fúnra rẹ̀ a sì máa yìn ín pé ó rẹwà!

Kò dúró de bọ́ọ̀sì. Ọ̀kadà ló gùn lọ sílé ní Ìkàrẹ́, ẹ̀rù ń bà á débi pé kò gbọ́ ohun tí ọlọ́kadà ń sọ. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú èyí fún ìyá ọkọ? Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìwé ló ń gùn ún. Bó bá dákẹ́, ọmọ ta ló ń jìyà?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bá Màmá, Aisha jókòó sí i lẹ́sẹ̀, ojú ọmọ dúdú kirikiri. Ó já ọmọ gbà, ó bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lójú.

"Subuhanallahi! Safinat, o ò kí mi, ò ń fọ ojú ọmọ bí ẹni ń fọ ìkòkò?"

"Ẹ má bínú, Mà." Ó kúnlẹ̀. "Níbo lẹ ti ń rí òkúta tìróò yín?"

"Òkè Ọ̀kà. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ṣà á. Kí ló ṣe é?"

"Òjé ni, Mà." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: inú rírun, àìtètè rìn, gìrì. "Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́sibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò."

Ó ń retí ariwo. Ariwo kò wá. Màmá mú ìgò tìróò rẹ̀ nílẹ̀, ó ń wò ó.

"Gìrì lo wí?"

Ìgbà yẹn ni Safinat rántí. Kí wọ́n tó bí Àmúsà ọkọ rẹ̀, Màmá ti bí Uthman. Gìrì ló pa á kó tó já lẹ́nu ọmú. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn.

"Mo máa ń lé e fún Uthman dáadáa," ni Màmá wí. "Ojú ẹ̀ tóbi, gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín." Ó gbójú sókè. "Ìwọ tó kàwé, sọ fún mi. Ṣé èmi ni?"

Safinat wo ìgò ọwọ́ Màmá. Kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́.

"Ibà ni, Màmá," ló sọ. "Ibà ló máa ń fa gìrì nígbà yẹn."

Màmá mi orí, kò tún bi í. Ó gbé ìgò náà fún un. "Jù ú síbi tọ́mọdé ò ti ní rí i. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ Aisha o, èmi náà á tẹ̀ lé yín."

Lẹ́yìn náà ló ki etí ìborùn rẹ̀ bọ omi tó ṣẹ́ kù nínú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu tìróò ojú tirẹ̀.