Òwú Tó Wà Nínú Irun Ehoro

Ìyá Leah kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀wù òtútù náà rárá kó tó dárúkọ olè. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Leah lóminú nìyẹn.

Ehoro àńgórà, àwọn onírun gígùn, ni ìyá rẹ̀ ń sìn lẹ́yìn ilé wọn ní Muchia ní Zaria, tó ń fi irun wọn hun ẹ̀wù tà. Ìyáàfin Adébóyè, aya olùkọ́ yunifásítì kan ní Hanwa, ló gbé ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ padà wá.

"Ẹ fọwọ́ pa á wò, Ìyá Leah. Ó le bí àpò ìrẹsì. Ehoro wo ló hu irun báyìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹlẹ́hàá tó ń bá mi ran irun náà ní Gyellesu ni. Ó ti jí nínú rẹ̀, ó fi òwú dí i."

"Kò ní í ríṣẹ́ lọ́wọ́ àwa ará Hanwa mọ́. Màá kìlọ̀ fún gbogbo wọn."

Leah ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìnrú ìlú dé ni, ara rẹ̀ kì í sì í gba ìrẹ́jẹ. Nígbà tí àlejò lọ, ó ṣáná sí fọ́nrán kan tó já lára ẹ̀wù náà. Ó rùn bí irun tó jóná, ṣùgbọ́n eérú rẹ̀ fúyẹ́ bí eérú aṣọ. Òwú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi yìí sì jẹ́ obìnrin tí kì í yọjú síta, tí kò lè wá wí tẹnu rẹ̀. Leah ká ẹ̀wù náà sínú báàgì, ó gun àcàbà, ọ̀kadà àwọn ará Zaria, lọ sí Gyellesu.

Ìyá Jamilah, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Zaria, jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, ó fi eérú pa ìka, ìrànwú ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀.

"Sannu, ọmọ ìwé. Ìjọba ti lò ọ́ tán, wọ́n dá ọ padà fún wa?"

"Wọ́n ti dá mi padà, mà." Leah tẹ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀. "Wọ́n ní ẹ jí irun ehoro, ẹ fi òwú dí i."

"Ta ni Wọ́n?"

"Màmá mi."

Ìrànwú dúró. Ìyá Jamilah kò bínú, kò búra. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa àpò méjì jáde: irun ehoro díẹ̀ wà nínú ọ̀kan, òwú kún èkejì dẹ́nu. Ohun kan náà ni wọ́n fi dì wọ́n lẹ́nu: àjákù ìró ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ ti ìyá rẹ̀, tí Leah fúnra rẹ̀ ti fọ̀ láìmọye ìgbà.

"Láti ìgbà ooru ló ti ń kó méjèèjì wá. Ó ní kí n gbọ̀n wọ́n pọ̀. Mo rò pé ẹni tó ń rà á mọ̀." Ó tún ìrànwú mú. "Tóò. Ká ní mò ń jáde ni, ǹ bá lọ wí i lójú wọn. Ìyá rẹ sì mọ̀ pé mi ò ní lè wá."

Nígbà tí Leah délé, ìyá rẹ̀ gbé ehoro kan lé itan, ó ń fi òòyà ya irun funfun rẹ̀ sínú abọ́. Nínú àgò mẹ́jọ tó wà lẹ́bàá ògiri, márùn-ún ti ṣófo.

"Kí ló pa márùn-ún, Màmá?"

"Ooru oṣù kẹrin. Irun wọn ti pọ̀ jù fún oòrùn Zaria."

"Ẹ ò wá sọ fún Ìyáàfin Adébóyè pé irun ò tó?"

"Kó lè gba ibòmíràn lọ? Ẹlẹ́hàá ni obìnrin yẹn, Leah. Ọ̀rọ̀ Hanwa ò lè dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀."

"Mo ti gbé e débẹ̀."

Ehoro náà bọ́ sílẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lé e.

"Irun ehoro yìí ló rán ọ nílé ìwé. O fẹ́ dójú tì mí ní Hanwa?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ Ìyá Jamilah di olè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí ẹ ò bá lọ, èmi nìkan á lọ."

Ìyá rẹ̀ pè é ní alákọ̀wé aláìmoore, ó wọlé. Leah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìyá náà máa jáde, gèlè ti wà lórí rẹ̀.

Nílé Ìyáàfin Adébóyè, ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ooru, ó sọ̀rọ̀ ehoro tó kú, ó sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n oúnjẹ wọn. Leah kò jókòó sórí àga tí wọ́n fún un.

"Ẹlẹ́hàá náà kò jí nǹkan kan," ni ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn. "Èmi ni mo kó òwú fún un."

Ìgbà náà ni Leah tó jókòó.