Suwebat Fi Òwú Di Etí Lọ sí Kóòtù

Òwú ni Suwebat fi di etí rẹ̀ méjèèjì kó tó wọ kóòtù ní Ọ̀mù-Àrán. Husnah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn. Télọ̀ ni Suwebat ní Òrò. Kò rówó san fún lọ́yà, ẹnu ara rẹ̀ ló fẹ́ fi rojọ́, kí adájọ́ lè pàṣẹ pé kí Jùbrílù, ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀, má ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Adájọ́ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Oríkì ni. Àràárọ̀ ni Jùbrílù ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí á máa kì í. Ọkùnrin náà sì mọ oríkì í kì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́! Bó bá ti lè pe "Àwẹ̀ró" báyìí, orí Suwebat á wú, orúnkún rẹ̀ á rọ, ó di ilé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti padà bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì gbé ojú wíwú jáde. Ó mọ̀ pé bóun bá padà lẹ́ẹ̀kẹta, òun lè má fi ẹsẹ̀ ara òun jáde.

Adájọ́, obìnrin kan tó wọ awò ojú, béèrè orúkọ rẹ̀. Suwebat rẹ́rìn-ín músẹ́. Adájọ́ tún béèrè.

"Àlàáfíà ni, mà."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kóòtù sún mọ́ ọn, ó tọ́ka sí etí rẹ̀. Ló bá yọ òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú sì tì í gan-an.

"Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe fún ọ?"

"Ó ń kì mí, mà."

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá kan lẹ́yìn ní ọkọ tòun kì í tilẹ̀ kí òun láàárọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé yóò kì òun.

"Bó bá ti kì mí, màá tẹ̀lé e," ni Suwebat wí. "Bí mo bá sì tẹ̀lé e délé, á lù mí."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Jùbrílù fò dìde. "Ìfẹ́ ni, Ọlọ́lá jùlọ! Ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ." Kí adájọ́ tó lanu, ó ti bẹ̀rẹ̀: "Àwẹ̀ró! Ọmọ agbórí-òkè-kí-oòrùn! Ọmọ afiṣu-tuntun-ṣàlejò!"

Orí Suwebat wú. Orúnkún kan ti kanlẹ̀. Ó di pátákó iwájú rẹ̀ mú gírígírí, inú orúnkún ara rẹ̀ ń bí i. Ìgbà náà ni Jùbrílù dákẹ́ níbi tó máa ń dákẹ́ sí. Ìlà kan ṣì kù, èyí tí ìyá Suwebat fi máa ń parí rẹ̀. Jùbrílù kò kì í débẹ̀ rí.

Nílẹ̀ wa, ẹnìkan kì í ki ara rẹ̀. Suwebat lanu, ó ní, "Ọmọ akúnlẹ̀-kí-àgbà-má-kúnlẹ̀-fún-ìyà!"

Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ló bá tún un kì. Kó tó mọ̀, ó ti nàró.

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé Jùbrílù kò gbọdọ̀ dé ilé Suwebat tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pè é ní Àwẹ̀ró mọ́, ìbáà ṣe lórí fóònù. Ayọ̀ gba ọkàn Suwebat kan, ẹ̀rín ń pa á, kò lè dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Orúkọ ẹni tó gbẹnu sọ fún ọ ni mo fẹ́ kọ síbí."

"Ẹ kọ Àwẹ̀ró."