Irin Ẹsẹ̀ Máṣíìnì

Irin náà bọ́ lọ́wọ́ Gàníyù, ó já lulẹ̀ lórí kọnkéré ẹ̀yìnkùlé, ó sì dá sí méjì bíi bisikíìtì.

Ó dúró, ó ń wò ó. Irin kì í dá bẹ́ẹ̀. Irin a máa tẹ̀, a máa lọ́, a máa janpata kí ó tó gbà pé òun kán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìlàjì kan, ó kọ ojú ibi tí ó ti dá sí oòrùn. Inú rẹ̀ rí bí eérú, ó ń dán wínníwínní bí iyọ̀. Lára irin kan náà ni ó ti gé èyí tí ó lù, tí ó fi bóòtù dè mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde.

Ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni irin náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, irin tí ó gbé pọ́ǹpù tí ń mú kí sítíárìn fúyẹ́ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kán. Timothy, mẹkáníìkì àdúgbò wọn ní Igbó-Elérin, ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ títí òun yóò fi rí òmíràn, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Gàníyù rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ti ń tún ampilifáyà ṣe ní Ọjà Àlàbá láti kékeré, ṣé irin lásán ni yóò wá mú un lómi?

“Irin kì í ṣe ẹyin, Timothy.”

“Irin ju irin lọ, bọ̀ọ̀dá,” ni Timothy fèsì.

Gàníyù fi páálí wọn ibẹ̀, ó fi ayùn gé irin náà, ó yá ẹ̀rọ ìjórin, ó jó o pọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún tí ó sì ń fi ìka kan ṣoṣo yí sítíárìn, ó pe Maimunat ìyàwó rẹ̀ kí ó wá wò ó. Maimunat wò ó. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Basit.” Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọkọ̀ náà kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ sí ilé ìwé ní Ìbà láràárọ̀, Basit tiwọn náà láàárín wọn.

Gàníyù tẹ Maimunat láago. Fóònù dún, ó dún, kò gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin náà: “Bí o bá ń wakọ̀, má gbé ìpè ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe tèmi.”

Ó sá jáde pẹ̀lú sálúbàtà ilé.

“Ìbà! Tètè!” ó kígbe sí ọlọ́kadà tó kọ́kọ́ rí.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò sí o?”

“Ṣáà máa lọ.”

Wọ́n já sí títì ńlá, wọ́n gba Okokomaiko kọjá. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn. Gàníyù ń rí i bí yóò ṣe ṣẹlẹ̀: irin á dá, pọ́ǹpù á rọ̀ dirodiro, bẹ́líìtì á bọ́, sítíárìn á sì le bí òkúta lọ́wọ́ obìnrin náà níbi tó ti ń yà. Ó sì mọ ibi tí yóò ti yà. Àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́; etí tirẹ̀ kò tíì gbọ́ nǹkan kan, inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́ tán.

Ní Ìyànà Ìbà, èrò pé jọ lẹ́bàá títì.

“Dúró! Jọ̀ọ́, dúró!”

Ó fò sílẹ̀, ó ń ti àwọn ènìyàn sí ọ̀tún sí òsì. Ọkùnrin kan tí ń ta oògùn eku ni wọ́n pagbo yí ká, tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Gàníyù padà sórí ọ̀kadà. Omi ti bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ̀.

Wọn kò tíì jìnnà ní ojú ọ̀nà Ìbà nígbà tí ó rí ọkọ̀ náà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù rọ̀ dirodiro lára rọ́bà rẹ̀. Gàníyù wo inú gọ́tà, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀.

“Ṣé ìyá àwọn ọmọ yẹn lẹ ń wá?” ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà béèrè. “Wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ síwájú. Obìnrin yẹn gbìyànjú o! Ó bá ọkọ̀ yẹn jìjàkadì ni.”

Gàníyù sáré. Ó rí wọn nítòsí géètì ilé ìwé. Àwọn ọmọ tò tẹ̀ léra wọn, ọwọ́ gbogbo wọn wà lára ìborùn gígùn Maimunat, òun fúnra rẹ̀ sì ń rìn níhà títì, ó fi ara rẹ̀ ṣe ògiri. Ó dúró títí ọmọ tó kẹ́yìn fi wọlé kí ó tó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ṣé kò sí ẹni tó farapa?”

“Kò sí. N kò sáré. Láti àná ni n kò ti sáré mọ́.”

“Àná?”

Maimunat wolẹ̀. “Àná ló ti ń dún, bí ẹni ń ha ìkòkò. Mo wá ń rọra wà á.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè. Maimunat sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ń tún ìborùn tí kò tú ṣe. Kò sí tírélà nítòsí tí ó lè máa sá fún.

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣe é,” ó rọra sọ. “Mo ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ ni.”

Gàníyù wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tí sítíárìn ti bó. Ó wá ibì kan jókòó sí létí gọ́tà, tí ó fi jẹ́ pé Maimunat ló ga jù ú lọ.

“Sọ ọ́ báyìí. Mò ń gbọ́.”

Maimunat kọ́kọ́ wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì ṣe máa ń wo ọ̀tún wo òsì. Gàníyù sì rí i pé ìwò náà kì í ṣe tòní, pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń wo òun tipẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.