Kadiláàkì Ládiípọ̀

Alhaji Mùílì kò tíì dé rárá tí inú ti ń bí Ládiípọ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ó ń bínú sí ọ̀gá rẹ̀ ní gáréèjì, ẹni tó ń lò ó bí ẹrú, tó sì ń gba ìyìn iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oníbàárà lójú rẹ̀ kòrókòró. Ó ń bínú sí ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Rush, ìlú kékeré kan létí Dublin, tó ní bí òun kò bá rí owó àsansílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn lòun máa kó kọ́kọ́rọ́ fún. Ó sì ti pẹ́ tí Ládiípọ̀ ti ń fojú sun ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ibẹ̀ ni yóò ti di ọ̀gá ara rẹ̀, tí yóò máa kun ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní bọ́ì mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè tà kó fi gbà á ló wà níwájú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Adamstown.

Kadiláàkì ni, ọkọ̀ ọdún 1968, ọkọ̀ àwọn olówó Amẹ́ríkà, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ó funfun báláú, àga aláwọ inú rẹ̀ sì pupa fòò. Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀ kan ní Rush ló fi ránṣẹ́ sí i láti Boston. Àgbẹ̀ náà bò ó mọ́ inú àká lẹ́yìn ọgbà tòmátì, ekukáká ló fi ń wà á títí tó fi darúgbó. Ládiípọ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kẹ́ ẹ bí ọmọ àkọ́bí. Kò síbi tó dógùn-ún lára rẹ̀. Owó sì ń ṣàn ní Dublin nígbà yẹn. Ẹni tó ń mọ bíríkì lánàá ti ń fi hẹlikọ́pítà lọ wo eré ẹṣin. Fintan, ọkùnrin kan láti ìlú Bray tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti ní òun ń bọ̀ wá wo Kadiláàkì náà, bó bá sì tẹ́ òun lọ́rùn, ojú ẹsẹ̀ lòun máa rà á.

Alhaji Mùílì ló kọ́kọ́ dé. Òun ló gba Ládiípọ̀ sílé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dublin, tó mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó sì bá a wá iṣẹ́ nílé ẹrù ní èbúté. Láti ọjọ́ tí Kadiláàkì ti dé, "Ọkọ̀ wa ńkọ́?" ni Alhaji fi ń kí i. Ládiípọ̀ á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ó wà, sà. Ọkọ̀ yín ni." Kí ni kó tún sọ? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Bí àgbà bá pe ilé rẹ ní ilé wa, ṣé wàá bá a jiyàn ni?

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Alhaji ò kí ọkọ̀ lásán. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kó jalabíà rẹ̀ jọ, ó sì jókòó sídìí sítíárìn, tó wà lọ́wọ́ òsì bíi ti Nàìjíríà.

"Ládì! Ọkọ̀ wa yìí, àwọn tó ṣe é gbọ́n o!"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Òyìnbó kan ló ń bọ̀ wá rà á báyìí, sà."

"Jẹ́ kó máa bọ̀. Ṣé mo dí i lọ́nà ni?"

Kò sì mira. Ládiípọ̀ gbé ìbínú mì. Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fún ni. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọkọ̀ tó fẹ́ tà.

Fintan dé, ó yí ọkọ̀ ká, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa òrùlé rẹ̀. "Grand," ló ń wí, "grand job," pé iṣẹ́ náà dára gan-an. Ó fa ìwé ṣẹ́ẹ̀kì yọ lápò. Ìgbà yẹn ni Alhaji yọ orí síta, tó rẹ́rìn-ín.

"You like my car?"

Fintan dúró. "Your car?"

"Ask am now! Ládì, whose car is this?"

Ọkàn Ládiípọ̀ ń pariwo pé tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á sílé ló bi í, lójú àlejò, ahọ́n rẹ̀ kò sì dúró de ọkàn. Gẹ̀ẹ́sì ló tilẹ̀ fi dáhùn, kí òyìnbó má baà rò pé àwọn ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn.

"It is your car, sir."

Ojú Fintan yí padà. Ó ti ìwé ṣẹ́ẹ̀kì bọ àpò. Ládiípọ̀ sá tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé pé ọ̀wọ̀ lásán ni, pé bí àwọn ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni ó ń dà bí olè tó.

"I'm not buying a yoke with two owners, pal," ni Fintan wí, pé òun ò ra ohun tó ní olówó méjì. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Ládiípọ̀ padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi."

"Ládì!" Bímpé, ìyàwó rẹ̀, ké láti ojú fèrèsé. "Ṣé Alhaji lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Àwọn náà ni! Ọkọ̀ mi ni! Kì í ṣe tiwa, kì í ṣe tiyín, tèmi nìkan ni! Ẹ ti ba ayé mi jẹ́!"

Alhaji rọra sọ̀kalẹ̀. Kò bínú, èyí sì dun Ládiípọ̀ ju kó bínú lọ.

"Tìẹ kẹ̀. Ta ló ń bá ẹ du ọkọ̀? Mo máa ń pè é ní tiwa kó o lè mọ̀ pé o lẹ́nìkan nílùú yìí. Eré ni mo ń bá ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rajà ló dúró níwájú ẹ yẹn. Mo bi ẹ́ ta ló lọkọ̀. Kí ló dé tó ò sọ pé tìẹ ni?"

Ládiípọ̀ wò ó. Omi ti lé sí i lójú.

"Nítorí pé ẹ̀yin lẹ bi mí."