Ẹmu Tí Bàbá Kò Tọ́ Wò

Èmi Olútóyìn, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama l'Ọ́gbà ní Èkó, ẹni tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ sórí ìkúnlẹ̀ nítorí irọ́, èmi ni mo purọ́ fún bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹjọ́ àbúrò mi nìkan ni mo wá rò.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Bàbá fi dá ẹmu ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Owó ẹmu yẹn ló rán èmi àti Olúwarótìmí, àbúrò mi, níwèé. Tí Bàbá bá gbé akèrègbè dé iwájú oníbàárà, àwọn fúnra wọn ló máa kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu lójú gbogbo èèyàn. Bí àwọn adẹ́mu ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn: ẹni tó dá ẹmu ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn ẹni tó fẹ́ mu ún lè balẹ̀. Bí adẹ́mu bá gbé e fún ọ láì tọ́ ọ wò, gbé igbá náà kalẹ̀, kí o máa lọ sílé rẹ.

Nígbà tí Rótìmí dá iléeṣẹ́ ẹmu inú ìgò sílẹ̀ l'Ọ́gbà, ó ní òun fẹ́ fi àwòrán Bàbá sára ìgò. Kí Bàbá tó gbà, èmi ni wọ́n pè lórí fóònù, wọ́n ní, "Tóyìn, ṣé ọ̀pẹ ulé wa ni?"

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nígbà náà tí mo dé iléeṣẹ́ náà, tí mo sì fojú ara mi rí àpò ṣúgà tí wọ́n tò dé àjà, yíìsì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, àti ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi bí ẹni po ẹ̀kọ. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n yà sára ògiri. Rótìmí bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ó ní ogójì èèyàn ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, pé ẹmu gidi kì í pẹ́ kó tó kan. Láti ìgbà tí Màámi ti kú, mi ò fẹ́ ariwo mọ́ nínú ẹbí wa. Mo dá Bàbá lóhùn pé ọ̀pẹ ilé ni, pé mọ́tò ló ń kó ẹmu náà wá ní ìdájí. Rótìmí ò rán mi ní ti mọ́tò o, èmi ni mo fi kún un. Bàbá ní kí Rótìmí ya àwòrán náà.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n wá sí Èkó. Rótìmí ní kí gbogbo wa jáde lọ́jọ́ Sátidé, ká máa wọ iléeṣẹ́ ọtí kiri, ká máa tọ́ ọtí wọn wò, kí Bàbá lè rí ohun tí ayé ń ṣe. Ó wá fi ọkọ̀ gbé wa nílé mi. Quadri, awakọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé mùsùlùmí lòun, pé ìdí ọkọ̀ lòun máa jókòó sí pẹ̀lú ìgò omi òun.

Agége la kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi èso ṣe wáìnì. Ọmọbìnrin kan to ife kéékèèké mẹ́ta síwájú wa, ó ní ká gbóòórùn rẹ̀ ná, ká sì yí i kiri lẹ́nu ká tó gbé e mì. Bàbá ṣe bó ṣe wí. Wọ́n ní ká ní báyìí làwọn ṣe ń tọ́ ẹmu wò láyé àwọn ni, ilẹ̀ ì bá ti ṣú bá àwọn lórí ọ̀pẹ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni, ó sì mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wo èèpo rẹ̀ tí wọ́n kó jọ. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n gbàdúrà fún un.

Ní ibi kejì, n'Íkẹjà, wáìnì pupa tó dé láti òkè òkun ni wọ́n ń rọ sínú ìgò. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro, wọ́n ní ó jọ àgbo eyín. Síbẹ̀ wọ́n tún bèèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti bèèrè ni mo máa ń yíjú sí Rótìmí. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí.

Ẹnu géètì iléeṣẹ́ rẹ̀ l'Ọ́gbà ni Rótìmí tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn oníṣòwò márùn-ún láti Ìbàdàn ti ń dúró dè wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹmu rẹ̀ làwọn máa gbé kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti ṣèlérí fún wọn pé bàbá orí ìgò fúnra rẹ̀ máa gbé ẹmu fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Bàbá tún fìlà wọn dé dáadáa, wọ́n wo ara wọn nínú gíláàsì ọkọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti gbé ẹmu fún èèyàn kẹ́yìn. Mo rí i pé inú wọn dùn.

Nínú yàrá àlejò, Rótìmí ṣí ìgò kan, ó rọ díẹ̀ sínú igbá. Bàbá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sétí. Ẹmu tó wà láàyè máa ń hó, a máa ń gbọ́ ọ; èyí ò hó. Wọ́n gbé e sókè sí iná, wọ́n wá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nídìí rẹ̀, wọn ò rí i. Ojú tiwọn fúnra wọn ló ń rẹ́rìn-ín sí wọn lára ìgò. Wọ́n gbóòórùn igbá náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè. Kì í ṣe Rótìmí ni wọ́n wò, èmi ni. Mo wo bàtà mi.

Ni wọ́n bá fi ọwọ́ méjèèjì na igbá náà sí aṣáájú àwọn àlejò, Ọ̀gbẹ́ni Olúwaníyì. Wọn ò tọ́ ọ wò.

Ọ̀gbẹ́ni náà tẹríba gbà á. Ó ní àgbà tó ní kí ọmọ ṣáájú òun mu, ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó mu ún, ó pọ́nu lá, àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Rótìmí náà pàtẹ́wọ́, àmọ́ òógùn ti bò ó. Òun náà ti ru akèrègbè rí, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò."

Bàbá ní, "Ẹni tó dá a ni kó tọ́ ọ wò."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà àgbà ni. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi Bàbá sáàárín. Rótìmí rí ohun tó ń wá.

Bá a ṣe ń padà sílé mi, Quadri nìkan ni Bàbá bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Nígbà tá a délé, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ṣúgà, yíìsì, ogójì èèyàn, mọ́tò tí kò sí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n dìde. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bú mi, ó kéré tán kí wọ́n sọ nǹkan. Wọ́n ní ẹlẹ́mu kì í sọ gbogbo ohun tó bá rí lórí ọ̀pẹ.

Mo lọ bu omi tútù wá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré. Wọ́n gba ife náà, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí mi lọ́wọ́.

"Tọ́ ọ wò ná, Tóyìn."

Mo tọ́ ọ wò. Wọ́n dúró kí n gbé e mì kí wọ́n tó gbà á.